Ìgò Omi Inú Ẹ̀rọ

Làmídì gbé ìgò omi sínú ihò ẹ̀rọ tí ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, ó jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá náà. Omi ni wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò lẹ́yìn àtúnṣe. Bí àwòrán bá mọ́ lónìí, ilé ìwòsàn yóò gbà á síṣẹ́. Bí kò bá mọ́, kí ó máa lọ sílé.

Ẹ̀rọ náà ń dún gbà-gbà-gbà, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Dípò omi, ọpọlọ ènìyàn ló yọ lójú kọ̀ǹpútà.

"Bọ̀dá Làmídì, ta lẹ tẹ́ síbẹ̀?" Nọ́ọ̀sì Abẹ́nì bi í.

"Omi ni."

"Omi yín mà ti ní ọpọlọ."

Làmídì yọjú wo inú yàrá ẹ̀rọ láti ojú fèrèsé gíláàsì. Ìgò nìkan ló rí. Ó mọ̀ pé ibi tí ọpọlọ bá ti ń ṣiṣẹ́ máa ń pọ́n nínú àwòrán. Ó fẹnu sí makirofóònù tí ń gbé ohùn lọ sínú yàrá náà: "Ta ló wà níbẹ̀?"

Lójú kọ̀ǹpútà, ibi tí ọpọlọ fi ń gbọ́ràn pọ́n.

Dókítà àgbà wọlé, ó wo àwòrán náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ó mọ́ gaara. Iṣẹ́ ti di tìrẹ." Ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá lé e lọ́wọ́. "Lọ gbé aláìsàn rẹ dìde. Ṣé o kò gbọ́ aago ìpè tó ń tẹ̀ láti inú ẹ̀rọ pé òun fẹ́ jáde ni?"

Ìgbà náà ni Làmídì gbọ́ ọ.