Àpótí Lẹ́tà Mẹkáníìkì

Iṣẹ́ Bàbá Má-fọwọ́-kàn-án ni láti máa kó ímeèlì àwọn òṣìṣẹ́ pamọ́. Ohun tó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni wọ́n sọ di orúkọ fún un. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, yóò kó lẹ́tà tó ti pẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà kálukú lọ sínú àká ńlá tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́. Kódà èyí tí ènìyàn bá ti pa rẹ́, ẹ̀dà rẹ̀ ṣì ń wà lọ́wọ́ Bàbá fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí ó tó di àwátì. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣe é, kò sì ka lẹ́tà ẹnikẹ́ni rí. Ó ní aṣọ́bodè kì í tú ẹrù àlejò.

Nígbà tó yá, okùn ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù lọ sókè ilé já, ẹ̀rọ náà sì já lu àbúrò Bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àpò sínú rẹ̀ tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló ṣẹ́. Àpò mẹ́wàá ni ẹ̀rọ náà lè gbé. Nígbà tí àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò dé lọ́jọ́ kejì, mẹ́rìnlá ni wọ́n kà. Àbúrò búra lórí ibùsùn pé mẹ́wàá lòun kó, àmọ́ ta ni yóò gbà á gbọ́? Máníjà kọ̀wé pé orí kunkun rẹ̀ ló fà á. Bí ìgbìmọ̀ láti olú ilé-iṣẹ́ bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀bi náà á sì di tirẹ̀ títí láé.

Mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà nìkan ló dúró tì wọ́n. Òun ló kọ́kọ́ dé ibi tí ẹ̀rọ já sí, òun ló ti ilẹ̀kùn ibẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí tí àwọn ayẹ̀rọwò fi dé. Ojoojúmọ́ ló ń yọjú sí ọsibítù, kódà lẹ́yìn tí wọ́n fi í ṣe fọ́máànù. Lẹ́bàá ibùsùn náà ló ti sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun kọ ímeèlì sí máníjà pé okùn yẹn ti ń tú.

"Ó parí nìyẹn," ni Bàbá wí. "Lẹ́tà yẹn ló máa yọ wá."

"Mo ti pa á rẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo lẹ́tà mi ni mo pa rẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn."

"Èyí tí o pa rẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

Mẹkáníìkì tún ìrọ̀rí aláìsàn ṣe, ó wá béèrè pé ọjọ́ mélòó ló kù kí ó tó di àwátì. Bàbá ní mẹ́fà.

Láti ọjọ́ náà ni mẹkáníìkì ti ń bẹ Bàbá pé kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní ọmọ mẹ́rin ni Bàbá ń tọ́, kó má torí òun fi oúnjẹ ẹnu wọn ṣòfò. Bàbá sọ fún àbúrò rẹ̀ pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Lọ́jọ́ karùn-ún, máníjà ránṣẹ́ pé àyè ti kún, kí wọ́n gbá gbogbo lẹ́tà tí wọ́n ti pa rẹ́ dànù. Bàbá ní òun gbọ́. Ó kó àpótí lẹ́tà mẹkáníìkì sínú àká láìṣí i, ó sì tì í pa. Nígbà tí máníjà bi í léèrè ibi tó kó o sí, ó ní, "Ọ̀gá, arúgbó ni mí. Bí mo bá ti kó nǹkan pamọ́, n kì í rántí ibi tí mo kó o sí." Wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ránṣẹ́ pè é. Mẹkáníìkì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dì í lápá mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Bàbá rọra gbá a lẹ́yìn. "Má fòyà. Mo wà lẹ́yìn rẹ."

Alága ìgbìmọ̀ ní kí ó ṣí àpótí lẹ́tà mẹkáníìkì, kí ó wá lẹ́tà tó sọ̀rọ̀ okùn. Kò sí. Ó ní kó wá èyíkéyìí tí mẹkáníìkì kọ sí máníjà. Ẹyọ kan péré ló jáde, èyí tó kọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ̀rọ já, alága sì ní kó kà á sókè. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó sì ka lẹ́tà ẹlòmíràn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún.

"Ọ̀gá, mo ti fi àpò mẹ́rin kún ti inú ẹ̀rọ kí wọ́n tó wá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ipò fọ́máànù tí ẹ ṣèlérí fún mi."