Ìka Bàbá Nayeli

"Ìyá Nayeli, ìwé àṣẹ bàbá ọmọ dà?" Aṣọ́bodè na ọwọ́. Ní pápákọ̀ òfurufú Guayaquil, ìyá kì í dá nìkan mú ọmọ rékọjá bodè láìsí àṣẹ bàbá.

"Ó wà nínú fóònù. Bébà rẹ̀ náà rèé."

Àmì ìka tí bàbá tẹ̀ hàn kedere lórí bébà, bí ìka ẹni tí kò mira rárá.

"Kí ló dé tí wọn ò buwọ́ lù ú?"

"Ọwọ́ ń dùn wọ́n."

Aṣọ́bodè ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. "Màá pè wọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń sùn. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe."

Aṣọ́bodè tẹ nọ́ńbà bàbá. Orin bú jáde nínú báàgì ìyá. Ìyá sáré ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti pa á.

Nayeli di ọwọ́ náà mú. "Màámi, ẹ jẹ́ kó dún! Bóyá eléyìí á jí Dádì."