Fọ́ọ̀mù Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ má fi í sílẹ̀ lágbedeméjì. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀rọ̀ wà.

1.
Lọ́dún 1984, báǹkì kan ní Ìlá gba máníjà tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Adéníran, ará Ìbàdàn. Èèyàn dáadáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kàn fẹ́ràn ètò bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ẹran ìgbẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ tó dé ló tẹ fọ́ọ̀mù jáde: òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ gba àyè ọjọ́ kan, kó kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú.

2.
Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n ránṣẹ́ láti Ìgbájọ pé ìyá Tìjání, kaṣíà wọn, ti kú. Mùsùlùmí ni wọ́n. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọn yóò sin ín. Tìjání tọ máníjà lọ pé òun fẹ́ rí ojú ìyá òun kí wọ́n tó gbé e wọlẹ̀. Adéníran kẹ́dùn gan-an. Lẹ́yìn náà, ó na fọ́ọ̀mù sí i.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òfin wí, Tìjání."

"Ọ̀gá, màmá ò sọ fún mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn."

Tìjání padà sídìí káńtà. Nígbà tó dé Ìgbájọ nírọ̀lẹ́, erùpẹ̀ tútù ló bá.

3.
Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, ìyàwó máníjà bí ọmọkùnrin. Ìkómọ bọ́ sí Ọjọ́rú. Adéníran pa àgbò méjì, ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá, ó sì to àga mọ́kànlá sílẹ̀ dè wọ́n. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ bi í bóyá ọmọ òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì náà ni.

Ó gbé agbádá sáré lọ síbi iṣẹ́. Ìyádùnní, àgbà wọn, kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú ewu ọmọ, ọ̀gá. Fọ́ọ̀mù wa wà lórí tábìlì yín láti ọjọ́ tí ẹ bímọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ ni kò tíì pé."

Adéníran ka fọ́ọ̀mù mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ó fa gbogbo wọn ya.

4.
Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé géérégé, gbogbo wọn gbé ọṣẹ àti bàsíà ọmọ dé ilé máníjà. Wọ́n jẹun, wọ́n jó, wọ́n tún ọmọ náà sọ lórúkọ. Tìjání ló gbé e pẹ́ jù. Adéníran sún mọ́ ọn, ó ní kó dárí ji òun.

"Mo ti dárí jì yín, ọ̀gá. Ọmọ yín, a ti sọ ọ́ lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì. Màmá mi, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sin wọ́n."

Ẹ̀yin ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ní ìyá, ó sì ní ọmọ. Kí ẹ tó tẹ fọ́ọ̀mù, ẹ kọ́kọ́ bi ikú bóyá yóò máa kọ̀wé ṣáájú. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ fún ọ̀gá yín ní ìtàn yìí kà. Ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ fún un.