Bọ́tìnnì Yẹ̀yẹ́ Tó Fá Orí Habibullah

Ẹ dákun, ẹ má já ìtàn yìí sí ìdajì. Ẹ kà á délẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín, pàápàá èyí tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣíwájú ọwọ́ rẹ̀.

1.
Ní Ọjà Tuntun, Ìlọrin, Abdulmateen ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ìjà. Ẹ̀rọ náà ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni méjì péré ní í kojú ara wọn níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ti pàdánù nìyẹn.

Bọ́tìnnì pupa kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní yẹ̀yẹ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, jagunjagun rẹ á kẹ̀yìn sí ọ̀tá, á máa ju ìdí. Ijó yẹn ń fi kún agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí ijó yóò fi tán, kò lè dáàbò bo ara rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ tó bá sì bà á lẹ́yìn, ìlọ́po méjì ni. Ṣé ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn? Ẹ mú un dání.

Habibullah ni ọ̀gá nínú ìjà orí ẹ̀rọ náà. "Ràńkàdédé!" ni wọ́n fi ń kí i bí ọba. Kì í na èèyàn kó má fi ṣẹ̀sín. Irun orí rẹ̀ ńkọ́? Ó ga, ó ń dán. Láti Ìléyá ló ti ń tọ́jú rẹ̀ nítorí fọ́tò yìgì òun àti Saeedah, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Kódà, orí irun yẹn ni wọ́n wọn fìlà yìgì lé.

2.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Saeedah wá pè é kí wọ́n lọ gba fìlà náà ní Ọjà-Ọba. Ó bá a níbi tó ti ń bú Bilal, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nà nínú géèmù.

"Bilal, lọ bá màmá rẹ kó fún ọ ní kókó mu!"

"Bọ̀dá Habib," ni Saeedah wí, "ẹ ti nà án, ó tó. Èwo ni tèébú?"

"Ẹnu ọ̀gá ni! Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín! Ẹni tó bá nà mí lónìí, kó fá orí mi kodoro, kó sọ mí lórúkọ bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ!"

Súbúhánà-Lọ́ọ̀hì! Ta ló ń fi súnà ṣeré?

Saeedah ká ọwọ́ híjáàbù rẹ̀ sókè. "Mo ti gbọ́. Ẹ sún fún mi."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Habibullah ló rẹ́rìn-ín jù. Kò béèrè rí ohun tí Saeedah àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi ń najú nílé wọn ní Basin.

3.
Habibullah mú òmìrán. Saeedah mú bàbá arúgbó kan tó ní ọ̀pá.

Ìjà àkọ́kọ́, òmìrán gbé bàbá ṣubú, ó sì jó. Ìkejì, bàbá kàn ń fi ọ̀pá gba ẹ̀ṣẹ́ ni. Gbogbo ẹ̀ṣẹ́ tó bá gbà ń fi kún agbára tirẹ̀ náà. Nígbà tó kún, ó na ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan, òmìrán wó lulẹ̀.

Ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Ẹnu Bilal là sílẹ̀.

Nínú ìkẹta, ẹ̀mí bàbá kù bí òwú. Ìpá kan péré, ó tán.

"Gbá a!" ni Abdulmateen pariwo.

Ṣùgbọ́n Habibullah wo èrò ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé òun á wá nà án láìjó? Ó tẹ bọ́tìnnì pupa. Òmìrán kẹ̀yìn, ó ń ju ìdí.

"Bọ̀dá Habib," ni Saeedah wí jẹ́jẹ́, "ẹ ti kẹ̀yìn sí mi."

Pàù! Ọ̀pá bàbá, tí agbára rẹ̀ ti tún kún, bà á ní ìpàkọ́. Òmìrán wó bí àpò gàrí.

4.
"Saeedah, rò ó o! Fọ́tò wa!"

"Èmi náà á wà nínú rẹ̀. Ẹnu yín lẹ fi fá irun yín."

Abdulmateen gbé ẹ̀rọ ìfárí jáde, ó fá a kodoro. Saeedah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí rẹ̀ bí ẹni ń sọ ọmọ lórúkọ.

"Orúkọ yín ni Abdussabur, ẹrú Ọba Onísùúrù. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí orúkọ náà rò yín."

Àmín Bilal ló ròkè jù.

5.
Ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n so yìgì, bí Habibullah ṣe wólẹ̀ kí àwọn àlùfáà, fìlà yọ̀ wálẹ̀ bo ojú rẹ̀.

"Kí lorúkọ ọkọ?" ni àlùfáà bi í.

Kó tó la ẹnu, àwọn ará Ọjà Tuntun ti hó láti ẹ̀yìn: "Abdussabur!"

Orúkọ yẹn ni àlùfáà fi ṣàdúà fún un. Ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá rí fọ́tò yìgì náà lónìí, fìlà àti eyín nìkan lẹ máa rí lójú ọkọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́gbọ́n o. Ohun tí ìpá kan lè parí, ẹ má fi yẹ̀yẹ́ bà á jẹ́. Ẹ má sì fi orí yín jẹ́jẹ̀ẹ́ lójú èrò. Ti Habibullah, irun ló bá a lọ. Ẹlòmíì, ohun tí kì í hù padà ni.

Ẹni tí kò tíì la odò já, kì í bú ọmọ ọ̀nì.