Ibi Tí Kẹ̀kẹ́ Ti Ń Dún

"Ẹ tú ẹṣin yẹn sílẹ̀," ni alágbẹ̀dẹ wí, ó ń ká ọwọ́ agbádá tuntun rẹ̀ sókè. "Ariwo pátákò rẹ̀ kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ibi tí kẹ̀kẹ́ yín ti ń dún."

Oníṣòwò Sàró náà mí kanlẹ̀. Láti ìgbà tó ti ra àlòkù kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin yìí lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti tún un ṣe.

"Ta ni yóò wá fà á?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n. Èmi á jókòó sínú rẹ̀, màá máa tẹ́tí. Bí n kò bá gbọ́ ibi tó ti ń dún, gbogbo rẹ̀ la máa tú palẹ̀ o."

Kíá ni oníṣòwò bọ́ kóòtù. Ó bọ́ sí ààyè ẹṣin, ó fa kẹ̀kẹ́ láti Ìjemọ̀ títí dé Ìbarà.

"Ẹ dúró níbí."

Ẹnu ọ̀nà agboolé ńlá kan ni. Alágbẹ̀dẹ sọ̀kalẹ̀, ó gbọn agbádá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kúulé o, ẹ̀yin àna mi!"

"Níbo ló ti ń dún?" ni oníṣòwò ń bi í, ó ń mí hẹlẹ.

Ìyá àgbà kan ló dáhùn, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀: "Káàbọ̀ o, ọkọ ọmọ wa! Ẹ tètè bu omi fún ìránṣẹ́ rẹ̀."