Ohun Tí Màmá Ò Fẹ́ Dárúkọ

Láàárọ̀ yìí náà, ilẹ̀kùn tí ìjọba fi sí ilé wa kọ̀, kò ṣí, àfi tí a bá kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Adétutù," ni ilẹ̀kùn náà wí. "Kí lẹ fẹ́ràn jù lọ nílùú wa?"

"Atẹ́gùn òkun," ni màmá mi dá a lóhùn, bó ṣe ń wá bàtà rọ́bà rẹ̀.

Ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Ohun tí gbogbo àdúgbò wa máa ń sọ nìyẹn. Ohun tí aráàlú bá sì dárúkọ jù ni ìjọba máa ń fi ẹ̀rọ fa omi òkun kúrò lára rẹ̀. Ta ló ń fa omi kúrò lára atẹ́gùn? Láti àná ni ẹ̀rọ àdúgbò wa ti dákẹ́. Mi ò rójú jókòó láti ìdájí. Mò ń gbọ́ omi tó ń gbá ara ògiri.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún un. Ẹ ní ilé yìí ni. Ẹ ní ibojì bàbá mi tó wà lẹ́yìnkùlé ni."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí. "Ohun tó bá jẹ́ ẹyinjú ẹni, ṣé wọ́n ń dárúkọ ẹ̀ fún ẹni tí a ò mọ̀ ni? A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ."

Inú bí mi. Mo lọ kojú ilẹ̀kùn, mo lanu láti dárúkọ ilé wa. Àfi bí ẹ̀rù ṣe bà mí lójijì, pé bí mo bá dárúkọ ilé, nǹkan á ṣe ilé.

"Atẹ́gùn òkun ni," mo ní.

Ilẹ̀kùn dúpẹ́, ó sì ṣí. Omi ló kọ́kọ́ wọlé.