Ọ̀rọ̀ Kan Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni èmi yìí?" Dókítà tún bi olùkọ́ àgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lórí lánàá.

Ìyá lajú. "Megalorínósì."

Dókítà mi orí, ó kọjú sí ọmọbìnrin ìyá náà tó dúró létí bẹ́ẹ̀dì. "Ohun tí à ń bẹ̀rù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ wọn ti dàrú."

Ọmọ náà tẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀. Èdè Látìn àti Gíríìkì ni ìyá rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni. Nílé, àwọn méjèèjì a máa da èdè wọ̀nyí pọ̀, wọ́n á fi hun ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí, wọ́n á sì fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú rẹ̀.

"Màámi, ẹ tún un sọ."

"Megalorínósì." Ìyá fi àgbọ̀n tọ́ka sí dókítà.

Ọmọ náà yára fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́, kí omijé tó dà. "Dókítà, ọpọlọ màmá mi pé pérépéré!"

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

Ọmọ náà yíjú sí ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n dókítà náà kọ́ Gíríìkì díẹ̀ nílé ìwé ìṣègùn. "Megalo, ńlá," ó ń kùn sínú. "Rínò..."

Ọwọ́ rẹ̀ rọra gòkè lọ sí imú ara rẹ̀.